Àtíkè síńkì àti omi aró: kí ẹ tó bù ú sínú dúrọ́ọ̀mù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ àti kàmpálà ni mò ń ṣe ní Pàkátà níbí nínú Ìlọrin, ó ti lé ní ogún ọdún. Omi aró tí mò ń dà sí gọ́tà ti di ẹjọ́ láàárín èmi àti àwọn aládùúgbò. Ẹnì kan ní omi náà ló pa ewúrẹ́ òun. Ọmọ àbúrò mi tó ń ka kẹ́mísírì sọ fún mi pé àtíkè funfun kan wà tí wọ́n fi síńkì ṣe, pé tí èèyàn bá bù ú sínú omi aró tó sì gbé e sóòrùn, omi náà á mọ́ gaara. Ó fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí lórí fóònù: ìgò méjì, ọ̀kan búlúù, èkejì dà bí omi kànga. Ṣé òótọ́ ni? Níbo ni mo ti lè rà á, mélòó ni mo sì máa bù sí dúrọ́ọ̀mù kan?

Ìdáhùn: Àlàájà, ẹ kú iṣẹ́ aró, ẹ sì kú ìfaradà àwọn aládùúgbò. Ọmọ yín kò purọ́. Ohun tó sọ yẹn máa ń ṣẹlẹ̀, ojú mi ló sì ti ṣe, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yọ owó. Omi inú fọ́tò rẹ̀ àti omi inú dúrọ́ọ̀mù yín kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àtíkè náà jẹ́, kó má baà dà bí oògùn. Tí irin bá bá omi àti afẹ́fẹ́ gbé pẹ́, á dógùn-ún. Irin tó ti gba ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra ni ìdógùn-ún yẹn, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníkẹ́mísírì ń pè ní oxide. Síńkì, tí wọ́n fi ń bo páànù òrùlé kó má tètè dógùn-ún, ní oxide tirẹ̀, funfun báláú ni. Òun ló wà nínú ìpara tí wọ́n fi ń pa ìdí ọmọ ọwọ́ tí ìtọ̀ bá ti bó o lára. Titanium náà ní tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní titanium dioxide, òun ló ń mú kí ọ̀dà ògiri funfun. Ẹ ti ń rí àwọn méjèèjì tipẹ́. Ohun tó sọ wọ́n di ọ̀rọ̀ ìwádìí ni bí wọ́n ṣe ń ṣe wọ́n kéré tó.

Ẹ wo káún. Èyí tí ẹ bá sọ sínú ewédú ní odidi, á pẹ́ kó tó yọ́. Èyí tí ẹ bá gún kúnná, kíá ló ti wọ ọbẹ̀. Káún kò pọ̀ sí i, ojú tó fi ń kan omi ló pọ̀ sí i. Ẹ wá mú ohun kan tó rí bí hóró ṣúgà, tí ìbú, òró àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ gé e, kí ẹ máa gé e lọ, títí èérún kọ̀ọ̀kan yóò fi jẹ́ nanometre 10. (Irun orí èèyàn kan nípọn tó nanometre 80,000, kí ẹ lè mọ irú nǹkan tí à ń sọ.) Tí ẹ bá tẹ́ gbogbo ojú àwọn èérún yẹn sílẹ̀, yóò gba ilẹ̀ tó fẹ̀ tó square metre 600, èyí tó ju púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 lọ. Láti ara hóró ṣúgà kan! Orí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó báyẹn ni iṣẹ́ ti ń wáyé.

Oòrùn ló ń gbé iṣẹ́ náà ṣe. Tí ìtànṣán oòrùn tó lágbára bá lu èérún náà, á ta elẹ́kítírọ́ọ̀nù kan (ẹ̀yà bíńtín tó ń gbé iná mànàmáná) kúrò láyè rẹ̀, àyè náà á sì ṣófo. Elẹ́kítírọ́ọ̀nù tó jáde á wá ibi tó máa bà sí, ọ́síjìn inú omi ló sábà máa ń rí. Àyè tó ṣófo náà kò ní dákẹ́, á já tirẹ̀ gbà lára omi. Nínú ìjàgùdù yẹn ni nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní hydroxyl radical ti ń jáde. Ajá dìgbòlugi ni. Kì í pé ìṣẹ́jú àáyá kan láyé, àmọ́ ohun tó bá ti wà nítòsí rẹ̀ ló ń bù jẹ. Tó bá jẹ́ aró ló bá pàdé, á bu aró jẹ títí àwọ̀ rẹ̀ á fi fọ́. Tí wọ́n bá fún un láyè tó, aró náà á túká pátápátá di omi, ìwọ̀nba iyọ̀, àti gáàsì tí àwa náà ń mí síta nímú. Èérún síńkì tó bẹ̀rẹ̀ ìjà kò bá wọn tán, alárinà ni, tí ọkọ àti ìyàwó bá ti mọra wọn, á yẹ̀bá lọ síbòmíràn. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní catalyst.

Nígbà míì, elẹ́kítírọ́ọ̀nù tó jáde máa ń padà sáyè rẹ̀ kó tó bá ẹnikẹ́ni pàdé. Ìmọ́lẹ̀ tó ná sórí rẹ̀ ti ṣòfò nìyẹn, ooru lásán ló kù. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí àwọn olùwádìí ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí, bí wọ́n ṣe ń po síńkì mọ́ kọ́pà tàbí fàdákà díẹ̀, torí kí elẹ́kítírọ́ọ̀nù má tètè padà sílé ni. Ọdún 1972 ni Fujishima àti Honda ní Japan tẹ iṣẹ́ wọn jáde pé titanium dioxide lè fi ìmọ́lẹ̀ pín omi sí háídírójìn àti ọ́síjìn. Kò pẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn fi rò ó pé ohun tó lè fọ́ omi yóò lè fọ́ ìdọ̀tí inú omi.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá padà sí Pàkátà.

Aró tí wọ́n sábà ń fi dán àtíkè yìí wò ni methylene blue, wọn kì í sì í bù ú pọ̀, ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni mílígíráàmù 10 sínú lítà omi kan. Tí a bá fi dúrọ́ọ̀mù lítà 200 wò ó, gíráàmù méjì nìyẹn, kò ju bí ìdajì ṣíbí tíì lọ. Ẹ̀yin mọ iye ṣíbí tí ẹ ń bù sínú aró yín kí aṣọ tó mú un. Gíráàmù kan àtíkè sí lítà kan ni wọ́n sì sábà ń lò, tí yóò jẹ́ igba gíráàmù fún dúrọ́ọ̀mù yín. Mo dá ìbéèrè yín lóhùn nìyẹn, àmọ́ kò ní ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ ni, inú omi tó dúdú bíi tiyín kò sì mọ ìyàtọ̀ ọ̀sán sí òru. Àtíkè tó wà lójú omi nìkan ni yóò rí oòrùn, gbogbo ìyókù á jókòó sínú òkùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ tí àtíkè funfun yìí ń lò gan-an, èyí tí ojú wa kì í rí tó sì ń dá awọ ara lóró, kò ju bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún agbára oòrùn lọ. A dúpẹ́ pé oòrùn Ìlọrin kì í ṣahun, ṣùgbọ́n kò lè wọ aró lọ sí ìsàlẹ̀.

Èkejì, ajá dìgbòlugi kò mọ olówó rẹ̀. Háídírọ́ọ̀sì (sodium hydrosulphite tí ẹ fi ń mú kí aró yọ́) wà nínú omi yín, sítáàṣì ẹ̀kọ tàbí láfún tí ẹ fi ya àdìrẹ wà níbẹ̀, ọṣẹ wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló máa kọ́kọ́ bù jẹ kó tó kan aró. Háídírọ́ọ̀sì ló máa gba èyí tó pọ̀ jù, nítorí iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa gba ọ́síjìn mọ́ ohun gbogbo lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ọ́síjìn yẹn náà ni àtíkè ń wá.

Ẹ̀kẹta ló burú jù. Kọ́sítíìkì (caustic soda tí ẹ fi ń po aró) ń jẹ síńkì. Ẹ mọ ìdí tí ẹ kì í fi po kọ́sítíìkì nínú ìkòkò àlúmínọ́mù: ẹ bá a lálẹ́, ó ti luhò láàárọ̀. Oxide síńkì náà kò lè dúró nínú omi tó gbóná fún kọ́sítíìkì tó bẹ́ẹ̀. Yóò yọ́ sínú rẹ̀. Yóò wá di pé ẹ fi owó ra síńkì, ẹ yọ́ ọ sínú aró, ẹ sì dà á sí gọ́tà tó ń lọ sí Odò Asà, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fi omi rin ẹ̀fọ́. Síńkì tó yọ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹja rárá. Titanium kì í yọ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn sàn, ṣùgbọ́n òkùnkùn àti háídírọ́ọ̀sì ṣì wà níbẹ̀ tí ń dúró dè é.

Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan, Àlàájà, nítorí ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Nígbà tí ẹ bá fa aṣọ jáde nínú aró, àwọ̀ wo ló ń ní? Tó bá jẹ́ búlúù ẹ̀lú ni, á kọ́kọ́ rí bí ewé tó fẹ́ pọ́n, afẹ́fẹ́ á wá fẹ́ sí i, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lójú yín. Ó tó ẹ̀ẹ̀kan tí mo ti dúró wo ìyá ìyá mi ní Òmù-Àrán nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mo rò pé idán ni. Kì í ṣe idán. Nínú ìkòkò, aró ti gba elẹ́kítírọ́ọ̀nù kún ara rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó yọ́ sínú omi kó lè wọ inú òwú. Ní ìta, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ gba elẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè yọ́ mọ́, ó sì há sínú òwú. Èyí ni pé àwọ̀ lè lọ kó sì padà wá. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí omi bá mọ́ ni aró ti kú.

Methylene blue gan-an alára jẹ́ ẹlẹ́tàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ po ó mọ́ ṣúgà glúkóòsì àti kọ́sítíìkì díẹ̀ nínú ìgò, ẹ dé e, àwọ̀ rẹ̀ á pòórá. Ẹ mi ìgò náà dáadáa, búlúù á padà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan sá wọ ọ́fíìsì mi lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìgò tó mọ́ bí ojú, ó fẹ́ẹ̀ máa jó. Mo ní kó mi ìgò rẹ̀. Ijó parí. (Ó padà ṣe iṣẹ́ náà dáadáa o, ó kàn gba oṣù mẹ́ta sí i ni.)

Ohun tí ẹ ti mọ̀ nípa aró yín yìí náà ló máa gbà yín. Gbogbo aró tí ẹ fi kọ́sítíìkì àti háídírọ́ọ̀sì pò, ó fẹ́ dì padà. Kò fẹ́ràn omi. Bí ẹ bá fún un ní afẹ́fẹ́, òun fúnra rẹ̀ á kúrò nínú omi di ẹ̀tù. Ẹ kò nílò àtíkè kankan láti lé e. Ẹ da omi aró tí ẹ ti lò tán sínú àwo fífẹ̀ tàbí ìdajì dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n là nídùbúlẹ̀, ẹ máa fi igi rò ó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún bí ọjọ́ méjì. Òórùn háídírọ́ọ̀sì á lọ, àwọ̀ á tún dúdú sí i. Ẹ má jáyà, ó ń dì ni.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: kí ọjọ́ méjì yẹn tó pé, ẹ má ṣe da ohunkóhun tó kan sí i, pàápàá omi bátìrì. Háídírọ́ọ̀sì àti omi kíkan, gáàsì tó ń dí ọ̀nà ọ̀fun ló ń ti àárín wọn jáde, àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ni yóò kọ́kọ́ fà á símú.

Lẹ́yìn náà ni álọ́ọ̀mù, èyí tí wọ́n fi ń mú omi odò tòrò. Álọ́ọ̀mù náà kíkan díẹ̀, yóò pa nínú agbára kọ́sítíìkì, yóò sì di ìṣùpọ̀ rírọ̀ tó ń kó ẹ̀tù aró lọ sí ìsàlẹ̀. Mi ò lè sọ ìwọ̀n tí ẹ máa bù láìrí omi yín. Ẹ fi ìgò lítà kan márùn-ún dán an wò: ìdajì ṣíbí tíì sínú ọ̀kan, ṣíbí kan sínú èkejì, ẹ máa bù ú lọ bẹ́ẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ tòrò ni ìwọ̀n yín. Ẹ ní kí ọmọ yín bá yín wá bébà kékeré tí wọ́n fi ń wo pH, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí omi ṣe kan tó tàbí bí agbára kọ́sítíìkì ṣe pọ̀ nínú rẹ̀ tó. Bí omi bá ṣì ju 8 lọ, álọ́ọ̀mù kò ní dì dáadáa, ẹ po omi lásán mọ́ ọn tàbí kí ẹ fi fínígà díẹ̀ sí i, lẹ́yìn tí ọjọ́ méjì ti pé o. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Ẹ rọra gbọ́n omi òkè kọjá nínú dúrọ́ọ̀mù tó ní òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ àti yanrìn lókè. Omi tó bá jáde kì í ṣe mímu, ó sì ní iyọ̀, ẹ má fi rin ẹ̀fọ́. Ẹ lè fi ṣan aṣọ ní ìṣan àkọ́kọ́. Ẹrẹ̀ tó kù nísàlẹ̀, ẹ sá a gbẹ, ẹ kó o sínú àpò sìmẹ́ńtì, kí kólẹ̀kólẹ̀ gbé e.

Èyí tó tiẹ̀ tún dára ju gbogbo ìyẹn lọ ni kí ẹ má dà á nù kíákíá. Ìyá ìyá mi kì í dàró nù. Ẹ̀lú àti omi eérú ló ń lò, tí ìkòkò bá ti rẹ̀, á bọ́ ọ, bí èèyàn ṣe ń bọ́ ẹran ọ̀sìn. Aró òde òní náà ṣeé bọ́: ẹ fi háídírọ́ọ̀sì díẹ̀ àti aró díẹ̀ sí èyí tó wà nílẹ̀, kí ẹ fi rẹ aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ máa fúyẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn oníbàárà ń fẹ́ àwọ̀ tó gún, ìṣirò yín nìyẹn.

Ní ti ewúrẹ́ aládùúgbò yín, mi ò sí níbẹ̀, mi ò lè dá ẹjọ́. Ṣùgbọ́n bí ohunkóhun bá máa ṣe ewúrẹ́ nínú gọ́tà yẹn, kọ́sítíìkì ni mo máa kọ́kọ́ fura sí kí n tó fura sí àwọ̀. Ó ń bó ẹnu, ó ń bó ọ̀nà ọ̀fun. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé àtíkè tó bá kó àwọ̀ lọ tó fi kọ́sítíìkì sílẹ̀, ọ̀fìn ló gbẹ́ fún yín: omi á mọ́ lójú, àwọn ewúrẹ́ á máa mu ún ní fàlàlà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọmọ yín, kó má baà rò pé mò ń fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn aró kan wà tí wọn kì í dì padà: àwọn tí wọ́n ń fi iyọ̀ àti sódà pò láìlo háídírọ́ọ̀sì. Wọ́n yọ́ sínú omi pátápátá, afẹ́fẹ́ kò mú wọn, álọ́ọ̀mù náà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí wọn mú, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í wọ aṣọ rárá, gọ́tà ni wọ́n ń bá lọ tààrà. Ọ̀pọ̀ nínú irú aró bẹ́ẹ̀ ni wọ́n so pọ̀ pẹ̀lú náítírójìn méjì. Bí okùn yẹn bá já nínú ẹrẹ̀ tí kò sí afẹ́fẹ́, ohun tó ń jáde nínú àwọn kan lè fa jẹjẹrẹ, torí ẹ̀ ni àwọn ará Yúróòpù fi ṣòfin ní 2002 láti lé irú aró bẹ́ẹ̀ kúrò lára aṣọ tó ń kan ara. Àwọn aró yìí gan-an ni iṣẹ́ ọmọ yín wúlò fún, nígbà tí wọ́n bá ti là wọ́n lómi tí wọn kò dúdú mọ́, nínú àwo tí kò jìn ju ìka méjì lọ, lábẹ́ oòrùn, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i.

Bó ṣe máa kó àtíkè rẹ̀ padà náà tún jẹ́ ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Èérún tó kéré tó yẹn kì í tètè rọ̀ sílẹ̀, á bá omi lọ. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú táìsì tàbí gíláàsì, kí omi máa ṣàn kọjá lórí rẹ̀. Àwọn míì ń fi oxide irin dúdú sí àárín èérún náà, mágínẹ́ẹ̀tì ara lásìpíkà tó ti bàjẹ́ lè fà á jọ. Kó sì máa fi nǹkan bo imú tó bá ń bu àtíkè gbígbẹ. Àjọ tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé ti ka eruku titanium dioxide mọ́ àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ fún ẹni tó bá ń fà á símú. Bó bá sọ fún yín pé ewé ewúro tàbí dóńgóyárò lòun fi ṣe síńkì òun, ẹ má jẹ́ kó tàn yín: iyọ̀ síńkì tó rà ni síńkì wà nínú rẹ̀, ewé kàn bá a sọ ọ́ di èérún ni. Ọ̀nà tó dára ni, ṣùgbọ́n owó ọjà ṣì wà níbẹ̀.

Bó bá tún fẹ́ gbé fọ́tò wá, kó má gbé ìgò méjì wá mọ́. Kó gbé abọ́ mẹ́rin: ọ̀kan tó ní àtíkè tó wà lóòrùn, ọ̀kan tí kò ní àtíkè tó wà lóòrùn, ọ̀kan tó ní àtíkè tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀kan tí kò ní àtíkè tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ti inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní àtíkè bá mọ́, tí àtíkè ìsàlẹ̀ sì di búlúù, aró kàn lọ fara mọ́ àtíkè ni, kò sí ìjà kankan. Kó wá bu omi aró tiyín gan-an, láti Pàkátà, kó má lo methylene blue. Tó bá sì mọ́ lóòrùn, kó ṣí ìdérí ìgò náà, kó mì í dáadáa, kó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó tó pè yín wá wò ó.